Ibi tí Níìṣì Máa Dúró Sí

Ẹnu ni Àlájì Bahgat fi ń ta ilé. Tó bá mú oníbàárà wọ fúláàtì tó ṣófo, á dúró sí àárín pálọ̀, á na ọwọ́ méjèèjì bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀: sọ́fà rèé, tẹlifíṣọ̀n rèé, ẹ wo ibi tí bàbá àgbà máa jókòó sí. Á rìn yíká tábìlì tí kò sí níbẹ̀, á sì máa ṣọ́ra kó má bàa fi orókún gbá a. Gbogbo àdúgbò Kámpù Ṣizar ló mọ̀ ọ́n, láti etí òkun títí dé ibi tí ọkọ̀ táràmù ti ń kọjá. Wọ́n ní tí ẹ bá fún Àlájì ní yàrá tí kò ní fèrèsé, á sọ fún oníbàárà pé ibẹ̀ ni oorun ti ń dùn jù ní gbogbo Alẹkisáńdíríà.

Ilé kan ṣoṣo ló pa á lẹ́nu mọ́. Fúláàtì Tíṣà Samaan ni, lókè pátápátá nínú ilé àtijọ́ kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ìdajì àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Tíṣà Samaan ti fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, Àlájì fúnra ẹ̀ sì wà ní kíláàsì ẹ̀ nígbà yẹn, ó sì fìdí rẹmi, tó fi jẹ́ pé títí dòní tí Tíṣà bá pè é lórí fóònù, ó máa ń dìde dúró kó tó gbé e. Ìyàwó Tíṣà, Matilda, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Irini, wà lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀ ní Aswan, lápá gúúsù lọ́hùn-ún, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú ẹ̀. Irini ní Bàbá, ẹ máa bọ̀ wá. Bàbá fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lọ sùn sórí sọ́fà àna òun bí àlejò tó gbàgbé láti lọ sílé. Tí ilé bá tà, òun á ra yàrá àti pálọ̀ tòun nítòsí wọn, òun á wá máa rìn lọ gbé ọmọ-ọmọ òun láràárọ̀. Ó ti kó ìwé ẹ̀ ránṣẹ́, ó ti pín ẹrù ẹ̀ fún àwọn ẹbí, ó wá lọ ń gbé ní ilé àbúrò ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí rédíò lójoojúmọ́. Oyún ń tóbi, ilé ò tà. Gbogbo àárọ̀ ni fóònù Àlájì máa ń dún.

"Bahgat, ṣé ó ti tà?"

Bó ṣe máa ń béèrè iṣẹ́ àmúrelé ní kíláàsì náà nìyẹn.

Ohun tó ń lé àwọn èèyàn ni òpó. Òpó kan wà ní pálọ̀ yẹn tí kò sí láàárín, tí kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọn ò tíì sọ fún pé kó jókòó. Àlájì sọ fún obìnrin kan pé òpó yẹn ló ń fún ilé lágbára. Ó sọ fún òmíràn pé àwọn ọmọ á máa sáré yí i ká, wọn ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ó tiẹ̀ sọ fún ọ̀gbẹ́ni kan pé àwọn ọba àtijọ́ ò lè ṣe kí wọ́n má ní òpó nínú pálọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun kì í ṣe ọba, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ fún Àlájì pé ayé ti yàtọ̀, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kó ẹrù sínú ilé tó ṣófo báyìí. Wọ́n á ya fọ́tò yàrá, wọ́n á wá ya àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì sínú fọ́tò náà, ẹni tó bá rí i á rò pé àwọn onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra búrẹ́dì ni. Ọmọkùnrin kan ní Kairo bá a ṣe é. Sọ́fà funfun, kápẹ́ẹ̀tì funfun, àga gíga nínú kíṣìnì bí ti onígbàjámọ̀, ajá ńlá kan sùn sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Òpó? Ó ti pa á rẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè béèrè bóyá ajá náà wà lára ilé. Ẹnìkejì gun àtẹ̀gùn wá, ó wo fóònù ẹ̀, ó wo òpó, ó tún wo fóònù.

"Àlájì," ló wí, "ṣé àárọ̀ yìí ló hù ni?"

Ẹnìkẹta ò tiẹ̀ wá rárá. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rabab ló pè. Ó fẹ́ fa ọmọ ẹ̀ fún ọkọ, ó sì ti wo ilé káàkiri ìlú títí tí bàtà fi jẹ tán lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ìbéèrè kan ló ní: "Mo ti wo fọ́tò yín. Níbo ni níìṣì máa dúró sí?" Kí Àlájì tó la ẹnu, ó ti pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ yẹn mú Àlájì jókòó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó wo ló ń lọ ilé ọkọ láìní níìṣì, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí àwọn àwo ìyàwó ń gbé inú ẹ̀, àwọn àwo tí wọ́n rà láti máa wò, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun? Wọ́n ti fagi lé ìgbéyàwó lórí níìṣì. Ọmọ Kairo yìí ya ajá, kò ya níìṣì.

Ló bá pe Ṣahinda, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ kan náà ni Ṣahinda ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń gbé iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n Àlájì ò kà á sí iṣẹ́. Onílé orí afẹ́fẹ́ ló máa ń pè é nídìí tábìlì oúnjẹ.

"Wọ́n ní o máa ń kó ẹrù sílé láìgbé nǹkan kan," Àlájì ló sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn fúláàtì Tíṣà fún un.

"Ẹ̀yin náà kúkú ń ṣe é, Àlájì mi. Àwọn èèyàn máa ń rí tèmi ni."

Àlájì rẹ́rìn-ín kó má bàa hàn pé ó dùn ún. Ó wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ọ̀rọ̀ òpó. Ó ní òun ò ní kó yọ ọ́ o, òun ti rí ibi tí ìyẹn já sí. Ṣé kò kàn lè jẹ́ kó rù díẹ̀?

"Ẹrù ni mò ń kó wọlé," Ṣahinda dá a lóhùn. "Èmi kì í febi pa òpó."

Ó wá ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ya fọ́tò láti igun kan sí òmíràn. Ó ní àwọn kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí wọ́n máa ń dín bẹ́ẹ̀dì kù kí yàrá lè fẹ̀; lọ́jọ́ tí wọ́n bá kẹ́rù dé, bẹ́ẹ̀dì á dúró sí kọ́rídọ̀, ìyàwó á dúró tì í, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn. Òun ò ṣe irú ẹ̀ rí. Bí àga bá ṣe gùn tó níta ló ṣe máa gùn tó nínú fọ́tò. Ó fi téèpù wọn gbogbo ilé, títí kan ibi tí ilẹ̀kùn bákónì máa ń ṣí dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi orókún rìn kiri pálọ̀.

Àlájì rò pé yẹtí ẹ̀ ló já. Òun náà tẹ̀ ba, ó ń bá a wá a.

Kì í ṣe yẹtí. Táìlì àtijọ́ olódòdó pupa ni ilẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ títí tí òdòdó fi ṣá. Ṣùgbọ́n láàárín òpó àti ògiri, ojú mẹ́rin wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju páálí ìṣáná lọ, tí òdòdó ibẹ̀ ṣì pupa bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ. Ṣahinda fi itọ́ rin ìka, ó nu ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra, ó sì wọ bàtà ẹ̀. Àlájì bi í pé kí ló rí. Ó ní ẹsẹ̀ lòun rí.

Nígbà tí fọ́tò dé, ní ilé tíì ni Àlájì wà. Ó ṣí i, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ẹ má gbàgbé pé ẹnu niṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn àga àlejò, olómi góòlù, wà níbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò wọ́n nítorí eruku, àfi ẹyọ kan tí wọ́n ti ká aṣọ ẹ̀ sókè, bí ìgbà tí àlejò ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ríìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀. Sálúbàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ọ̀kan kọjú síbí, ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún. Agolo bísíkíìtì kan wà lórí fíríìjì, agolo aláwọ̀ búlúù, irú èyí tó jẹ́ pé ọmọdé jòjòló pàápàá mọ̀ pé òwú àti abẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Òpó rèé o, ó dúró níbi tó wà gan-an, bó ṣe sanra tó gan-an. Ṣùgbọ́n láàárín òun àti ògiri, níìṣì kan dúró, onípákó dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ kọ̀lọ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba bákónì wọlé wá tàn sára gíláàsì ẹ̀. Òpó wá dà bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ níìṣì. Ẹni tó bá wò ó á rò pé níìṣì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, kí wọ́n tó wá mọ ilé yí i ká. Ṣahinda sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà pé ilé ṣófo o, yíyà ni wọ́n ya ẹrù wọ̀nyí.

Àlájì pè é.

"Agolo yẹn," ló wí, "níbo lo ti rí i?"

"Ti ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo jẹ bísíkíìtì inú ẹ̀."

Nǹkan tó lè sọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ìyìn tó wà níkùn ẹ̀ á kún rédíò fún odindi wákàtí.

Ó fi fọ́tò han Tíṣà Samaan. Tíṣà wọ awò ojú, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Nígbà tó dé ibi níìṣì, ó fi ìka kàn án, àwòrán sì fẹ̀ lójijì, ó kún ojú fóònù. Tíṣà fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó béèrè pé ta ló sọ fún ọmọbìnrin yìí. Àlájì ní sọ kí ni? Tíṣà dìde, ó fi tíì ẹ̀ sílẹ̀ láìmu, ó sì lọ.

Ìyá Rabab rí fọ́tò tuntun náà, ó sì pe ara ẹ̀ wá. Ó gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ àti Hatem, àfẹ́sọ́nà ọmọ náà, ó ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan láti bú ẹ̀rọ agbéniròkè. Hatem ló ń gbé báàgì. Ilé tí wọ́n ti jọ wò pọ̀ débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kárí ìlú ti ń kí i lórúkọ. Rabab dúró tì í, àwọn méjèèjì ń wo ojú ìyá bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ṣahinda wà níbẹ̀. Tíṣà náà wá, ó dúró sí bákónì, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ìyá Rabab ò wo kíṣìnì. Kò wo ilé ìwẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí òpó, ó gba téèpù lọ́wọ́ Hatem, ó wọn láti òpó dé ògiri. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Mo ti lọ sí Dumyat, ìlú àwọn káfíńtà," ló wí, "mo ti wọn gbogbo níìṣì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Kò sí èyí tó máa wọ ibí yìí. Èyí tó kéré jù máa fi ibú ọwọ́ kan yọ síta." Ó yíjú sí Ṣahinda. "O dín in kù, ọmọ mi. O dín in kù kó lè wọ̀, bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe."

Àlájì mọ̀ pé tí obìnrin yìí bá sọ̀kalẹ̀, gbogbo àwọn ìyá ìyàwó nílùú á gbọ́ pé fọ́tò Bahgat, irọ́ ni. Ilé á tún wà bẹ́ẹ̀, Irini á sì bímọ tí bàbá ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Irọ́ aládùn lóríṣiríṣi ti tò sórí ahọ́n ẹ̀. Ó la ẹnu. Ó wo ojú Ṣahinda, ó sì pa á dé.

Ṣahinda ti kúnlẹ̀.

"Ẹ bá mi kúnlẹ̀, Mọ́mì. Ẹ má bínú sí orókún yín."

Ìyá Rabab di òpó mú, ó kúnlẹ̀ tìráhùn-tìráhùn. Hatem kúnlẹ̀, Rabab kúnlẹ̀, Àlájì náà ò lè dá dúró. Gbogbo wọn yí táìlì ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Ẹ wo ojú yìí. Ẹ wo èyí. Èyí náà rèé, àtèyí tó kù." Ṣahinda fi ìka kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Mi ò dín nǹkan kan kù. Nǹkan kan ti dúró síbí rí, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ilẹ̀ ò tíì gbàgbé ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe jìnnà síra ni mo fi yà á. Ẹ ṣáà fún mi ní téèpù yín."

Ìyá Rabab ò fún un ní téèpù. Òun fúnra ẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ó wo fọ́tò, ó wo ilẹ̀. Ó ní ó dáa, òun gbà, ṣùgbọ́n níìṣì tí wọn ò ṣe mọ́, ibo lòun ti máa rí i?

Ohùn kan dá a lóhùn láti bákónì.

"Ó wà lókè," ni Tíṣà Samaan wí. "Níìṣì Matilda ni."

Ó wá jẹ́wọ́ fún wọn. Gbogbo ẹrù ilé ló rí ẹni gbé fún, àfi ìyẹn. Kò lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Aswan. Ìyàwó àbúrò òun ní kí òun má gbé e wọ ilé àwọn. Láràárọ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ tó ń ra ògbólógbòó ẹrù bá kọjá nísàlẹ̀, tó ń ké rọ́bà-bẹ́kíà, rọ́bà-bẹ́kíà, òun á yára pa fèrèsé dé kí ẹnu òun má lọ pè é. Lòun bá bẹ àwọn ọkùnrin kan, wọ́n gbé e lọ sínú yàrá tí wọ́n ń fọṣọ sí tẹ́lẹ̀ lórí òrùlé, òun sì fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sápò. Ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ. Kò tíì kúrò nínú àpò yẹn látọjọ́ náà.

Gbogbo wọn gun òrùlé lọ. Àwọn ẹyẹlé fò gbùà. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ó ká aṣọ kúrò, eruku ṣú, Àlájì sín. Níìṣì fọ́tò ni, kò yà, kò yẹ̀: pákó dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ìyá Rabab ní kí Hatem ṣí báàgì. Ó yọ aṣọ ìnura kan, ó tú u, àwo kan jáde nínú ẹ̀, àwo pẹrẹsẹ elétí góòlù, èyí tó fẹ̀ jù nínú àwọn àwo tó ti ń rà jọ fún Rabab láti ìgbà tí ọmọ náà ò tíì ní eyín iwájú. Gbogbo ilé tí wọ́n lọ wò ló ti ń gbé e kiri. Ó ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, ó rọra gbé àwo dúró. Ó wọlé. Ó pa ilẹ̀kùn dé, gíláàsì sì dún kín.

Ìyá Rabab ń wo àwo ẹ̀ nínú níìṣì olóníìṣì.

"Tíṣà," ló wí, "ṣé ìyàwó yín fi àwọn àwo tiwọn jẹun rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá kí wa." Tíṣà yọ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún. "Matilda sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ráhùn."

Ìyá Rabab bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi gbára lé níìṣì, omi bọ́ lójú ẹ̀, Tíṣà náà ń rín, a ò lè mọ ẹ̀rín yàtọ̀ sí ẹkún lójú tiẹ̀. Rabab di ọwọ́ Hatem mú gírí. Ìyá ní ilé àti níìṣì, òun mú méjèèjì. Tíṣà ní níìṣì kì í ṣe títà. Ó ní òun ò tà á, òun fi ta Rabab lọ́rẹ ni, kí ó ṣáà máa nu gíláàsì ẹ̀.

Hatem àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Àlájì Bahgat ló ń darí wọn, apá sọ́tùn-ún, apá sósì, ó rọra, ó rọra, ayọ̀ sì kún un, torí ẹrù gidi ló ń fọwọ́ júwe lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín òpó àti ògiri. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sójú òdòdó wọn, bí ẹni tó wọ sálúbàtà ẹ̀ padà. Àlájì gbé fóònù sókè, ó fi fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Ìyẹ́ ẹyẹlé kan tó wà lórí níìṣì nìkan ni Ṣahinda ò yà.

"Kí ni mo máa ń pè ẹ́ tẹ́lẹ̀?" ló bi ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Onílé orí afẹ́fẹ́."

"Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ni Àlájì wí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pàápàá ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Tíṣà Samaan bá oyún nílẹ̀ ní Aswan, ó sì bá a débi ìsọmọlórúkọ. Ó pe Àlájì láti ibẹ̀, igbe ọmọ ń ta lẹ́yìn ẹ̀, Àlájì sì dìde dúró kó tó gbé fóònù. Ọkùnrin ni ọmọ. Tíṣà ní orúkọ Matilda á ṣì ní sùúrù díẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí Àlájì Bahgat bá mú oníbàárà wọ ilé tó ṣófo, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Á ṣílẹ̀kùn, á fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́, á tẹ orókún méjèèjì sílẹ̀ tòun ti ìráhùn, á máa wo táìlì. Àwọn oníbàárà á wo ara wọn. Wọ́n á bi í pé Àlájì, ṣé nǹkan yín ló sọnù ni. Á ní kí wọ́n dákẹ́ ná.

Ẹni tó mọ Àlájì Bahgat látijọ́, tó bá gbọ́ "ẹ dákẹ́" lẹ́nu ẹ̀, ó yẹ kó wá àga jókòó sí.